Òru Tí Nọ́ọ̀sì Kan Ṣoṣo Kù Nínú Yàrá: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti ICU ní Èkìtì

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ku ogún ìṣẹ́jú, ọ̀dọ́kùnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa rọ́bà èémí yọ kúrò lọ́fun. Ẹ̀rọ tó ń bá a mí figbe ta. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú yàrá gbọ́, ó tilẹ̀ yíjú wo ibẹ̀, àmọ́ kò ráyè kúrò níbi tó wà: gìrì ti mú obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú kó má baà já lulẹ̀. Nọ́ọ̀sì kejì kò sí nítòsí. Ó ti lọ gba ẹ̀jẹ̀ wá fún bàbá tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ẹ̀rọ yẹn fi ké kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ọmọ náà.

Mo wà lára àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ ní ICU náà nígbà yẹn, ìyẹn ẹ̀ka tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù. Èmi ni mo gba iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo bá ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo sì bá ẹni tó ṣiṣẹ́ lóru níbi tó jókòó sí lórí àpótí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò lè sọ̀rọ̀. Mo ti pa àwọn nǹkan kan dà kí ẹnikẹ́ni má baà dá àwọn aláìsàn mọ̀, n kò sì ní dárúkọ ọsibítù. Èkìtì ni, ìyẹn tó.

Bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀

Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin ló wà ní ICU wa. Nọ́ọ̀sì mẹ́tàlá la jẹ́ tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta ti lọ láàárín ọdún kan, ọ̀kan sí Ìlú Ọba, ọ̀kan sí Kánádà, ọ̀kan sí Saudi Arabia. A ku mẹ́wàá. N kò bá àwọn tó lọ wí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ka Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 55 tí òṣìṣẹ́ ìlera wọn kò tó, nínú àkójọ tó gbé jáde lọ́dún 2023. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà ní kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó bá gbàwé àṣẹ, kó tó lè ní kí wọ́n jẹ́rìí sí ìwé òun fún òkè òkun. Òfin lè dá ẹnì kan dúró fún ọdún méjì. Kò lè mú ẹnìkejì wá bá a lóru.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí Mátírọ́nì ṣe ṣírò rẹ̀ fún wa lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, lẹ́yìn páálí ìbọ̀wọ́ kan. Nọ́ọ̀sì méjì ní ṣíìfù kan, ṣíìfù mẹ́ta lóòjọ́, ìyẹn mẹ́fà. Lọ́sẹ̀ kan, 42. Nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ń wá lẹ́ẹ̀marùn-ún lọ́sẹ̀, àwa mẹ́wàá á wá nígbà 50. Ó ku mẹ́jọ. Inú mẹ́jọ yẹn la ti fẹ́ yọ ẹni tó lọ ìsinmi ọdọọdún, ẹni tó bímọ, ẹni tí ara ọmọ rẹ̀ kò yá, ẹni tó lọ ṣèdánwò, àti Mátírọ́nì fúnra wọn tó jẹ́ pé ìpàdé ló ń gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá wo ìwé ìpínṣẹ́ á rí i pé ó kún. Ó kún lóòótọ́, bí garawa tí omi kún dé etí: ẹni tó bá ṣèèṣì fara kàn án, á dà sílẹ̀. Ká tó lè ní nọ́ọ̀sì mẹ́ta ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, ìgbà 63 la nílò lọ́sẹ̀, ìyẹn nọ́ọ̀sì mẹ́tàlá láìtíì ka ìsinmi kankan.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2004 sọ pé nọ́ọ̀sì ICU kan kò gbọ́dọ̀ ní ju aláìsàn méjì lọ. Ní Ìlú Ọba, ìlànà wọn ni pé ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ èémí, nọ́ọ̀sì kan ni tirẹ̀. Lóru ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, nọ́ọ̀sì méjì ló wà fún aláìsàn mẹ́rin. Bí ẹni tó ń fi òfin California wọn iṣẹ́ bá wọlé tọ̀ wá lóru yẹn, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé a kò jẹ̀bi. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní bẹ́ẹ̀dì kìíní, àgbẹ̀ kan láti agbègbè Ẹ̀fọ̀n tí àdá ṣá lẹ́sẹ̀, tí ipá, ìyẹn tẹ́tánọ́ọ̀sì, sì tibẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Wọ́n ti dá ihò èémí sí i lọ́rùn. Bí ìlẹ̀kùn bá dún gbàgà, gbogbo ara rẹ̀ á le bí igi, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí rọ́bà ọrùn rẹ̀. A ní láti máa fà á jáde ṣáá. Ní bẹ́ẹ̀dì kejì, ọlọ́kadà ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó ṣubú lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ láìdé akoto, tó ti lo ọjọ́ márùn-ún lórí ẹ̀rọ, tí iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọjí. Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé àkókò tó léwu jù nìyẹn: kò tíì mọ ibi tó wà, ọwọ́ rẹ̀ sì ti lágbára. Ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, ìyá ìkókó tí gìrì aboyún mú, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí omi magnesium, oògùn tó ń dá gìrì dúró, ń kán sí lára. Wákàtí wákàtí la gbọ́dọ̀ gbá a lórúnkún ká wò ó bóyá ẹsẹ̀ á ta, ká ka iye ìgbà tó mí, ká wọn ìtọ̀ rẹ̀, torí pé bí magnesium bá pọ̀ jù, orúnkún ló kọ́kọ́ ń dákẹ́, èémí ló ń tẹ̀ lé e. Ní bẹ́ẹ̀dì kẹrin, bàbá àgbà kan tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun rẹ̀. Oògùn tó ń gbé ìfúnpá rẹ̀ dúró kò gbọ́dọ̀ tán nínú páǹpù fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Aláìsàn mẹ́rin, nọ́ọ̀sì méjì. Lórí ìwé, ó pé.

Òru náà

Aago méjì ààbọ̀ ni ilé ìfẹ̀jẹ̀pamọ́ pè pé ẹ̀jẹ̀ bàbá ti délẹ̀. Kò sí pọ́tà, ìyẹn ẹni tó ń gbé nǹkan káàkiri ọsibítù, lóru. Nọ́ọ̀sì àgbà ló lọ fúnra rẹ̀: ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba iwájú ilé ìgbàlejò aláìsàn kọjá, ó jí ọ̀gá tó wà níbẹ̀, wọ́n jọ ka nọ́ńbà ara ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fọwọ́ sí ìwé. Àlọ àti àbọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Èmi náà ti rìn ín bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì rò pé ó burú. Gbogbo wa la ń ṣe é.

Ẹni tó kù sínú yàrá ni ẹni tó kéré jù nínú wa. Àbúrò ni n ó máa pè é níbí. Nígbà tí gìrì mú ìyá ìkókó, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ó fi ọ́síjìn sí i nímú, ó fún un ní magnesium mìíràn bí ìlànà ṣe ní kó ṣe. Gbogbo ohun tó ṣe ló tọ̀nà. Nígbà tí ara obìnrin náà rọlẹ̀, ó fò dé bẹ́ẹ̀dì kejì. Rọ́bà wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà, tépù tí a fi lẹ̀ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, bàlúùnù kékeré tó wà lẹ́nu rọ́bà ṣì kún fún afẹ́fẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti bò ó. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọ́síjìn rẹ̀ lórí ẹ̀rọ jẹ́ 58 nínú ọgọ́rùn-ún, ọkàn rẹ̀ sì ti ń falẹ̀.

Àbúrò gbé Ambu bag, àpò tí a fi ń fọwọ́ tẹ èémí sí aláìsàn, ó fi bò ó nímú àti lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe é rí mọ̀ pé ọwọ́ kan ló di ìbòjú mú, èkejì ló ń tẹ̀, kò sí ọwọ́ kẹta tí èèyàn máa fi gbé fóònù. Ó pariwo. Ìyá obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kẹta, tó sùn sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló gbọ́, òun ló sáré lọ kan ilẹ̀kùn dókítà. Mo fẹ́ kí ẹ rántí èyí: ìyá àgbà tó sùn sórí ẹní ni ẹnìkejì tí ICU wa ní lóru ọjọ́ náà.

Ọwọ́ èèyàn ni iṣẹ́ wa yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìlú Copenhagen lọ́dún 1952, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń pa àwọn ọmọdé, Bjørn Ibsen ní kí wọ́n dá ihò sí wọn lọ́rùn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì máa pààrọ̀ ara wọn láti fọwọ́ tẹ èémí sí wọn nínú tọ̀sán-tòru. Lára ìyẹn ni èrò ICU ti jáde. Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ wà, èèyàn kan fún aláìsàn kan.

Dókítà dé, ó fi rọ́bà tuntun sí i. Ọkàn ọmọ náà padà bọ̀ sípò. Nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà fi máa wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, ó ti tán.

Kúẹ́rì

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti fún Àbúrò ní kúẹ́rì, ìwé tó ní kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n dì mú jù ni ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí-wákàtí: láti aago kan sí aago mẹ́ta, òfìfo ni fún bẹ́ẹ̀dì kejì. Wọ́n ní ìyẹn fi hàn pé kò bojú tó o. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń ka ìwé náà. Kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n lọ?”

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Mátírọ́nì gba ìwé òfìfo yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n kó ti àwọn mẹ́ta yòókù tì í. Wọ́n ní, “Ẹ wò ó. Ibi tí iṣẹ́ bá ti pọ̀ jù, ìkọ̀wé ló kọ́kọ́ ń kú. Lẹ́yìn ìkọ̀wé, yíyí aláìsàn padà. Lẹ́yìn ìyẹn, fífọ ẹnu. Èémí la máa ń dì mú gbẹ̀yìn.” Wọ́n bá ṣí ìwé oṣù tó kọjá. Ní gbogbo òru tí bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin kún, òfìfo wà láàárín aago kan sí mẹ́rin, ta ni ì báà wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà ní òfìfo tèmi níbẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n ti ń wọn iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ICU láti ọdún 2003, tí wọ́n ń pè ní Nursing Activities Score. Iṣẹ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, dípò orí aláìsàn: yíyí aláìsàn padà, fífa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, oògùn, ìmọ́tótó, bíbá ẹbí sọ̀rọ̀, ìwé kíkọ, kálukú pẹ̀lú iye tirẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ni gbogbo agbára nọ́ọ̀sì kan fún ṣíìfù kan. Aláìsàn kan lè gba 50, òmíràn lè gba ju 100 lọ, ó sì lè ga tó 177. A ṣírò ti òru yẹn: àgbẹ̀ náà 84, ọlọ́kadà 88, ìyá ìkókó 67, bàbá àgbà 79. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 318. Nọ́ọ̀sì méjì ní 200. Nígbà tí ọ̀kan lọ gba ẹ̀jẹ̀, 100 ló kù láti gbé 318.

Kò sí ẹni tó lè fi ìkìlọ̀ tàbí kúẹ́rì mú kí 100 di 318.

Ohun tí a gbìyànjú

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn aláṣẹ ní ká ṣe ni ká máa fi báńdéèjì so ọwọ́ gbogbo ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ. A so ó. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọrùn ọwọ́ ọlọ́kadà náà ti bó, ó sì ń jà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí iyè rẹ̀ ń sọjí tó rí i pé wọ́n dè òun, ẹ̀rù ló ń bà á. A tú u. N kò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn.

Èkejì jọ ọgbọ́n. A sọ ṣíìfù di wákàtí méjìlá, kí nọ́ọ̀sì mẹ́ta lè wà lọ́sàn-án, kí méjì wà lóru. Ó tó wákàtí 420 lọ́sẹ̀, ìyẹn 42 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí kò bá sí ẹni tó lọ ìsinmi. Èmi ni mo tì í lẹ́yìn jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní aago mẹ́fà ìdájí, nọ́ọ̀sì kan tó wà ní òru kẹta rẹ̀ léraléra fẹ́ ṣètò páǹpù oògùn ìfúnpá sí 1.2. Ó tẹ 12. Àmì tíńtín kan ló fò. Ẹnìkejì rẹ̀ ló rí i kó tó tẹ bọ́tìnì ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹnìkejì pe àkíyèsí rẹ̀ sí i, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wo nọ́ńbà náà títí, kò rí àṣìṣe rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ka ohun tó ní lọ́kàn. A padà sí wákàtí mẹ́jọ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. A kò rí nọ́ọ̀sì tuntun kankan nínú ètò yẹn. Àárẹ̀ ara wa la kàn ń pín láti ọ̀sán sí òru.

Ìgbà yẹn ni Mátírọ́nì ra ìwé kékeré kan, wọ́n so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tó bá jáde nínú yàrá lóru gbọ́dọ̀ kọ àkókò àti ìdí. Lẹ́yìn òru 14, a ka ìgbà 37 tí nọ́ọ̀sì kan fi jáde tó ku ẹnì kan. Nínú rẹ̀, 31 jẹ́ iṣẹ́ tí kò nílò nọ́ọ̀sì: ẹ̀jẹ̀, ìgò ọ́síjìn, èsì àyẹ̀wò, oògùn ní ilé oògùn, pípe ẹbí pé kí wọ́n lọ ra ìbọ̀wọ́.

Mátírọ́nì kó ìwé náà lọ sípàdé. Wọ́n mú ìwádìí tí Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 2014 dání pẹ̀lú, èyí tó wo ọsibítù ní orílẹ̀-èdè 9 ní Yúróòpù tó sì rí i pé bí aláìsàn kan bá kún ẹrù nọ́ọ̀sì, ewu ikú ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ń fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ ni ìyẹn, kò kan ICU tààrà, Mátírọ́nì sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Wọ́n tẹ́tí sí i, wọ́n mi orí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ka ìwé kékeré náà dé ibi tí a kọ ọ́ sí pé “2:31, ẹ̀jẹ̀”, yàrá dákẹ́. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n yan pọ́tà kan fún òru. A gba àpótí oògùn pàjáwìrì sínú yàrá, a sì fi òfin kan lélẹ̀: nọ́ọ̀sì kan kò gbọ́dọ̀ dá wà nínú ICU, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Èyí tó le jù ló kẹ́yìn. A gbé pátákó kan kọ́ ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ṣíìfù kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì àgbà á ṣírò iṣẹ́, á kọ àpapọ̀ rẹ̀ síbẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ju agbára tó wà nílẹ̀ lọ, á pe ọ̀kan nínú nọ́ọ̀sì mẹ́fà láti wọ́ọ̀dù mìíràn tí a ti kọ́ níṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí kò bá rí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo á di títì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àìpẹ́ ni wọ́n dán wa wò. Wọ́n gbé obìnrin kan dé láti Ìkọ̀lé lóru, ó nílò ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀dì kẹrin ṣófo, 247 ló wà lórí pátákó, nọ́ọ̀sì méjì la jẹ́, gbogbo ẹni tí a pè ní fóònù kò lè wá. Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Dókítà bínú sí mi, ó ní, “Bẹ́ẹ̀dì nìyí, ẹ̀rọ nìyí!” Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó dúró tì í?” Wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń jí lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíátà, nọ́ọ̀sì tíátà kan sì jókòó tì í títí di àárọ̀ tí a fi gbà á. Ó yè é. Ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀. Ẹni tó bá ní títi bẹ́ẹ̀dì kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú, kò tíì dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn rí. Síbẹ̀, bí mo bá gbà á wọlé, ẹ̀jẹ̀ náà á wà níbẹ̀, a kò kàn ní mọ aláìsàn wo ló máa ta sí lára.

Ohun tí mo rí dì mú

Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ICU, ẹ má fi orí aláìsàn nìkan ka iṣẹ́. Méjì sí ọ̀kan lè dára lóru kan kó sì pànìyàn lóru kejì. Bí ẹ bá rí òfìfo nínú ìwé, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye ẹni tó wà nílé kí ẹ tó béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Kí ẹ tó tọrọ nọ́ọ̀sì tuntun, tó lè gba ọdún kan kó tó dé, ẹ wá gbogbo wákàtí tí nọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀ ń lò lórí àtẹ̀gùn àti ní ilé oògùn, ẹ gbà á padà. Ó kéré ní owó, ó sì yá. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fìyẹn dí yín lẹ́nu pé ó ti tó: pọ́tà kò lè fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Mẹ́tàlá la nílò. Títí mo fi ń kọ èyí, mọ́kànlá la jẹ́.

Ọlọ́kadà náà ní òtútù àyà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, egbò ìdùbúlẹ̀ sì yọ sí i ní ìbàdí láàárín àwọn òru tí a kò ráyè yí i padà. Ọjọ́ 19 ló lò lọ́dọ̀ wa. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ó wá sí kíníìkì pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ọwọ́ òsì rẹ̀ kò tíì lágbára tó. Màmá rẹ̀ gbé iṣu mẹ́ta wá fún wa, ti oko wọn ní Ìlawẹ̀. Wọ́n kí wa, wọ́n gbàdúrà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n rọra bi mí pé, “Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin méjì yẹn náà lẹ máa ń wà níbẹ̀ lóru?” Mo ní rárá, mà, a ti ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní kí Ọlọ́run kún wa.

Ní ti kúẹ́rì Àbúrò, wọn ò tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀. Wọn ò sì kọ̀wé kankan pé kò jẹ̀bi, ó sì dùn mí títí di òní. Ó ṣì wà pẹ̀lú wa. Ní alẹ́ ọjọ́rú tó kọjá, òun ni nọ́ọ̀sì àgbà nínú ṣíìfù. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, 236 ló wà lórí pátákó pẹ̀lú ìkọ̀wé rẹ̀, orúkọ nọ́ọ̀sì mẹ́ta sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé gbogbo bẹ́ẹ̀dì kún láti aago kan títí dé aago mẹ́rin.